Kí ẹ tó pa dataset rẹ́ lórí ZFS

Ẹ kú iṣẹ́. Ẹ ní ẹ fẹ́ yọ dataset tank/atijo (ìpín kan tí ZFS, ètò tó ń tọ́jú fáìlì lórí dísíìkì, ń kó fáìlì sí) kúrò, ẹ sì ń bẹ̀rù pé nǹkan mìíràn lè bá a lọ. Ẹ kọ́kọ́ tẹ èyí:

zfs destroy -rnv tank/atijo

Kò ní pa ohunkóhun rẹ́; yóò kàn to orúkọ gbogbo ohun tí ìbá lọ. Ẹ kà á lọ́kọ̀ọ̀kan. -r ń pa àwọn ọmọ abẹ́ rẹ̀ àti snapshot wọn (àwòrán dátà bó ṣe wà ní àkókò kan). -R le jù bẹ́ẹ̀: ó ń kó clone (ẹ̀dà tí a ṣe láti inú snapshot) tó wà níbòmíràn mọ́ ọn.

Tó bá jẹ́ orúkọ nìkan lẹ fẹ́ yí, zfs rename kì í pa dátà. Àmọ́ bí ẹ kò bá fọwọ́ ara yín yan mountpoint (fódà tí dataset náà ti ń hàn), òun náà yóò yí padà. Ẹ dá gbogbo ètò tó ń kọ fáìlì síbẹ̀ dúró ná. Ó ti ṣẹlẹ̀ sí mi rí: fáìlì tuntun ń wọ fódà àtijọ́ tó ti ṣófo.