Ta ló fún T-34 yín ní ayẹta?

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Èmi àti àwọn ọ̀rẹ́ mi ní Ìsọ̀kùn, nílùú Iléṣà, là ń ṣe mod, ìyẹn àtúnṣe tí àwọn tó ń ta géèmù ń ṣe sí i fúnra wọn, fún géèmù táǹkì kan tó dá lórí Ogun Àgbáyé Kejì. Ẹni mẹ́rin sí mẹ́rin la máa ń ta á ní ṣọ́ọ̀bù. Ìṣòro wa ni pé ẹgbẹ́ tó bá ti mú Rọ́ṣíà ló ń jẹ. Ọta Jámánì kì í wọ iwájú T-34, táǹkì Rọ́ṣíà, àfi bí ẹni pé ó lo ayẹta. A dín irin ara rẹ̀ kù, ló bá di páálí, kò sẹ́ni tó tún fẹ́ mú un mọ́. Báwo la ṣe máa ṣe é tí yóò fi jọ ti òótọ́, tí ìjà náà yóò sì dọ́gba?

Ìdáhùn: Ẹ kú ọpọlọ pípé o, ẹ̀yin ọmọ Ọbòkun. Iṣẹ́ kọ̀ǹpútà tí mò ń ṣe ní Ifẹ̀ níbí, ti géèmù ló pọ̀ jù nínú rẹ̀, irú ẹjọ́ yìí kò sì ṣàjèjì sí mi. Ẹ kọ́kọ́ dá iye irin tí ẹ dín kù padà síbi tó wà, nítorí ó jọ pé mo mọ ẹni tó fún táǹkì náà ní ayẹta.

Irin iwájú T-34 nípọn tó mìlímítà 45. Ṣùgbọ́n kò dúró ṣánṣán, ńṣe ló dagẹ̀rẹ̀ ní dígírì 60 sí ìnàró. Nítorí náà, ọta tó bá ń bọ̀ tààrà ní láti la nǹkan bíi mìlímítà 90 kọjá kó tó dé inú. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ mod ti ń bàjẹ́. Ẹni tó kọ fáìlì tí nọ́ńbà táǹkì wà nínú rẹ̀ rí 90 nínú ìwé, ó sì kọ 90 síbẹ̀. Géèmù náà, tó ń wo bí irin ṣe dagẹ̀rẹ̀ lára àwòrán táǹkì, tún ṣe ìṣirò tirẹ̀ lé e, 90 bá di 180. Kò sí táǹkì Jámánì kankan ní ọdún 1941 tí ọta rẹ̀ lè wọ 180.

Bí ẹ bá fẹ́ mọ̀ bóyá ohun tó ṣẹlẹ̀ sí tiyín nìyẹn, ẹ gbé T-34 sórí ilẹ̀ títẹ́jú, kó kọjú sí ìbọn, kí ẹ yin iwájú rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ yí imú rẹ̀ díẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́, kí ẹ tún yin irin iwájú kan náà láti ibi kan náà pẹ̀lú ìbọn kan náà. Bí ọta tó wọlé lákọ̀ọ́kọ́ kò bá wọlé mọ́, tàbí tí ọṣẹ́ tó ṣe bá dín kù, géèmù yín ń ṣírò ìdagẹ̀rẹ̀ fúnra rẹ̀ nìyẹn. 45 ló yẹ kó wà nínú fáìlì. Bí kò bá sí ìyàtọ̀ kankan, ẹ jẹ́ kí 90 wà níbẹ̀. Ẹ lo ìbọn tí agbára rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó láti wọ irin náà o, torí èyí tó bá lágbára jù yóò máa wọlé lọ́nàkọnà.

Ó ṣeé ṣe kí ìdajì ìṣòro yín tán síbẹ̀. Ìdajì tó kù kò sí lára irin, ó wà lára àwọn tó jókòó sínú táǹkì. Èyí gan-an ni àwọn tó ń ṣe mod máa ń fò, bẹ́ẹ̀ òun ló dùn jù.

Èèyàn mẹ́rin ló ń wa T-34 tó ní ìbọn mìlímítà 76. Méjì péré ló ń gbé inú ilé ìbọn tó ń yí lórí rẹ̀: ọ̀kan ń ki ọta, èkejì ni ọ̀gá. Ọ̀gá yìí náà ló tún ń yìnbọn. Nígbà tó bá fojú sí awò ìbọn, ta ló ń wo ẹ̀yìn, ta ló ń wo ẹ̀gbẹ́? Panzer III ti Jámánì kò ní irin tó tó tirẹ̀, ìbọn rẹ̀ kò sì tó o, ṣùgbọ́n èèyàn márùn-ún ló wà nínú rẹ̀, mẹ́ta nínú ilé ìbọn. Ọ̀gá tibẹ̀ kò níṣẹ́ méjì ju kó máa wòye kó sì máa pàṣẹ lọ. Ìyẹn wà lára ohun tó jẹ́ kí Jámánì máa fi táǹkì tí kò tó T-34 na T-34 ní ọdún 1941.

Nínú fáìlì yín, ẹ dín bí T-34 ṣe ń rí ọ̀nà jíjìn kù, pàápàá lẹ́gbẹ̀ẹ́ àti lẹ́yìn. Ẹ fi kún àsìkò tó ń gbà á láti fi ibi kan sílẹ̀ kó fojú sun ibòmíràn. Ọta díẹ̀ ló wà lára ògiri níbi tí ọwọ́ ti lè tètè tó o. Inú àpótí abẹ́ ẹsẹ̀ ni ìyókù wà, ẹni tó ń ki ọta ní láti ká ohun tí wọ́n tẹ́ sílẹ̀ kó tó mú un. Bí géèmù yín bá gbà á, ẹ jẹ́ kí ọta díẹ̀ àkọ́kọ́ yá, kí ìyókù máa falẹ̀. Ti rédíò náà ńkọ́? Ní ọdún 1941, ọ̀pọ̀ jù lọ T-34 kò ní in, táǹkì àwọn ọ̀gá ló ní in. Nítorí náà, ohun tí T-34 kan bá rí kò gbọdọ̀ hàn lójú ẹsẹ̀ lórí máàpù àwọn yòókù.

Nígbà tí ẹ bá dé T-34-85 ti ọdún 1944, ẹ dá gbogbo rẹ̀ padà. Ilé ìbọn tirẹ̀ gba èèyàn mẹ́ta, gbogbo wọn jẹ́ márùn-ún. Mod tó bá kàn pààrọ̀ ìbọn 76 sí 85, tó sì fi ìyókù sílẹ̀, kò tíì ṣe T-34-85.

Òkè tún wà níbẹ̀. Ẹnu ìbọn T-34 kò lè wolẹ̀ ju nǹkan bíi dígírì 5 lọ. Ti Sherman ará Amẹ́ríkà ń dé 10. Ẹ ro ọ̀nà Ẹ̀rìn-Ìjẹ̀ṣà wò. Táǹkì tó fara pamọ́ sẹ́yìn irú òkè bẹ́ẹ̀, tó yọ orí ìbọn nìkan, lè yin ẹni tó wà ní ìsàlẹ̀ láìfi ara hàn. T-34 ní láti gun orí òkè náà jáde gbangba. Bí gbogbo máàpù yín bá tẹ́jú pẹrẹsẹ, àlébù yìí kò lè hàn láé. Ẹ ya òkè díẹ̀ sí i.

Irú nǹkan báyìí náà ni ẹ máa ṣe fún IS-2, táǹkì ńlá Rọ́ṣíà. Ẹ má dín ìbọn 122 rẹ̀ kù rárá, ẹ jẹ́ kó máa fọ́ nǹkan. Ṣùgbọ́n ọta 28 péré ló ń gbé, apá méjì sì ni ọta ọ̀hún, wọ́n á ki orí rẹ̀ kí wọ́n tó ki ẹ̀tù rẹ̀, kò sì ju ẹ̀ẹ̀mejì sí ẹ̀ẹ̀mẹta lọ tó ń yìn ní ìṣẹ́jú kan.

Àwọn kan á ní kí ẹ fi ẹ́ńjìnnì tó ń kú lójú ọ̀nà kún un. Òótọ́ ni pé nígbà tí àwọn ará Amẹ́ríkà dán T-34 kan wò ní Aberdeen, pápá ìdánwò ohun ìjà wọn, lọ́dún 1942, wọ́n gbóríyìn fún awò ìbọn rẹ̀, wọ́n sì bu ẹnu àtẹ́ lu fílítà afẹ́fẹ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ta ló fẹ́ sanwó ní ṣọ́ọ̀bù kí táǹkì rẹ̀ kú kó tó yìnbọn? Panther, táǹkì Jámánì, náà sì kú jọjọ lójú ìjà Kursk ní Rọ́ṣíà lọ́dún 1943. Èmi ò ní fi síbẹ̀.

Ọ̀rọ̀ owó ló kù, ẹ̀yin ọmọ òṣómàáló sì mọ̀ ọ́n jù mí lọ. Tí ẹ bá dé ọdún 1943, tí Tiger, táǹkì ńlá Jámánì, bá jáde, ó máa wù yín láti ró ìbọn T-34 lágbára kó lè wọ mìlímítà 100 tó wà níwájú Tiger. Ẹ má dán an wò. Tiger 1,347 ni Jámánì ṣe. T-34 tí wọ́n ṣe kí ogun tó parí lé ní 50,000. Ẹni tó bá mú Tiger, ẹ̀ẹ̀kan ni kó wọlé. Ẹni tó bá mú T-34, kó lè padà wọlé lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Kí wọ́n máa yí Tiger po lọ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, níbi tí irin ti jẹ́ 80 lókè àti 60 nísàlẹ̀.

Ẹ ṣe ẹ̀dà fáìlì náà pamọ́ kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, kí iná má lọ mú un dání. Nọ́ńbà kan ṣoṣo ni kí ẹ máa yí lẹ́ẹ̀kan, kí ẹgbẹ́ méjèèjì sì máa pààrọ̀ orílẹ̀-èdè lẹ́yìn ìjà kọ̀ọ̀kan, kó má baà jẹ́ pé ẹni tó mọ géèmù jù ni ẹ̀ ń wọ̀n. Bí Rọ́ṣíà bá ṣì ń jẹ lẹ́yìn gbogbo èyí, ẹ sọ iye ìgbà tí T-34 lè padà wọlé di ẹ̀ẹ̀mejì, ẹ má tún padà sídìí irin.