Ilé Tuntun, Omi Mímọ́ Gaara: Ẹ Kọ́kọ́ Béèrè Ibi Tí Sọ́kàwéè Wà

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀gá wolé-wolé. Èmi àti ọkọ mi fẹ́ ra ilé oníyàrá mẹ́ta kan lápá Ajah. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́ ọ ni, ẹnikẹ́ni ò gbé inú rẹ̀ rí. Éjẹ́ǹtì bu omi bọ́hòlù ibẹ̀ sínú ife, ó mu ún lójú wa, omi náà sì mọ́ gaara. Àmọ́ ilé ìwẹ̀ ń rùn díẹ̀, òórùn ọ̀dà sì ṣì wà níbẹ̀. Ṣé ká pe àwọn tó ń fín oògùn ká tó kó wọlé, àbí ká kàn fi Izal fọ gbogbo ilé?

ÌDÁHÙN: Arábìnrin mi, ilé á tura fún yín o. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ fífín oògùn kọ́ ló yẹ kó ṣáájú. Ilé tí ẹnikẹ́ni ò gbé rí, kí lẹ fẹ́ pa níbẹ̀? Tí ẹ ò bá ti rí ikán, aáyán tàbí eku, ẹ jẹ́ kí owó yín sinmi. Inú máa ń bí mi sí àwọn tó ń gba owó gọbọi lọ́wọ́ ẹni tó fẹ́ kó wọlé, tó sì jẹ́ Sniper ni wọ́n pò mọ́ omi. Oògùn kòkòrò oko ni, NAFDAC sì ti ní kí wọ́n yé ta ìgò kékeré rẹ̀ lọ́jà láti ọdún 2019. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n wá fín in síbi tí ọmọ máa sùn.

Òórùn ilé ìwẹ̀ yẹn, ó lè má ju omi tó gbẹ lọ. Lábẹ́ ihò tí omi ìwẹ̀ ń gbà lọ, páìpù kan wà tó tẹ̀. Omi díẹ̀ máa ń dúró síbi tó tẹ̀ náà, òun ló ń dí òórùn ìsàlẹ̀ lọ́nà. Bí wọ́n bá ti ilé pa fún oṣù mélòó kan, omi yẹn á gbẹ, òórùn á gòkè wá. Ẹ da omi gárawà kan sí ihò kọ̀ọ̀kan, kí ẹ padà lọ gbóòórùn rẹ̀ lọ́jọ́ kejì. Tó bá ṣì ń rùn, ẹ pe pọ́lọ́ḿbà kó yẹ̀ ẹ́ wò bóyá wọ́n tiẹ̀ fi páìpù títẹ̀ síbẹ̀. Izal ò ní ṣe é. Ní ti òórùn ọ̀dà, ẹ ṣí fèrèsé.

Ife omi tí éjẹ́ǹtì mu yẹn gan-an ló mú kí n jókòó kọ èsì gígùn yìí, nítorí ojoojúmọ́ ni wọ́n ń fi irú rẹ̀ tan àwọn èèyàn. Omi lè mọ́ gaara kó sì kún fún kòkòrò àìsàn. Kòkòrò tó ń fa onígbáméjì àti èyí tó ń fa táífọ́ọ̀dù kò ní àwọ̀, wọn ò ní òórùn, ojú lásán ò sì lè rí wọn. Ti pé éjẹ́ǹtì mu ún tí kò dákú kì í ṣe ẹ̀rí kankan. Ẹni tó bá mu kòkòrò táífọ́ọ̀dù lónìí lè lo ọ̀sẹ̀ kan sí mẹ́ta kí ara rẹ̀ tó gbóná.

Ẹ jẹ́ ká tiẹ̀ gbà pé omi náà dáa. Ó ṣeé ṣe kó dáa lóòótọ́. Ṣé ẹ mọ ìdí? Sọ́kàwéè ilé yẹn, ìyẹn kòtò tí omi ìdọ̀tí ilé ìgbẹ́ ń lọ, kò tíì jẹun. Yàtọ̀ sí ìwọ̀nba tí àwọn bíríkìlà lò, kò sí ìgbẹ́ ẹnikẹ́ni níbẹ̀. Ọjọ́ tí ẹ̀yin àti àwọn aládùúgbò yín bá kó wọlé ni ọ̀rọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ máa bẹ̀rẹ̀. Ìdí nìyí tí mo fi ń sọ pé ilé tuntun ló rọrùn jù láti fi tan èèyàn lórí ọ̀rọ̀ omi.

Bó ṣe ń ṣiṣẹ́ rèé. Ìgbẹ́ àti omi ìdọ̀tí á kọ́kọ́ wọ kòtò tí wọ́n sé nísàlẹ̀, èyí táwọn ọ̀gá bíríkìlà ń pè ní séptíìkì. Ohun tó wúwo á rì síbẹ̀. Omi orí rẹ̀ á ṣàn lọ sí kòtò kejì tí wọn ò sé nísàlẹ̀, òun ni sọ́kàwéè, ibẹ̀ ló ti ń wọ inú ilẹ̀ lọ. Ilẹ̀ ló yẹ kó sẹ́ ẹ kó tó dé ibi tí omi mímu wà. Ṣùgbọ́n ní Ajah, Lẹ́kí àti Ìbẹ́jú, iyanrìn ni ilẹ̀, omi sì sún mọ́ òkè. Lásìkò òjò, ẹ ò ní gbẹ́ jìnnà kẹ́ ẹ tó kan omi. Sọ́kàwéè á wá jókòó sínú omi ilẹ̀, kò ní sí ilẹ̀ gbígbẹ kankan tó máa sẹ́ nǹkan.

Lẹ́nu iṣẹ́ wa, ó kéré tán, mítà 30 la máa ń fẹ́ láàárín bọ́hòlù àti sọ́kàwéè, ìyẹn bí ẹsẹ̀ bàtà 100. Pulọ́ọ̀tì tí ìbú rẹ̀ jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 50, tí gígùn rẹ̀ jẹ́ 100, tí ilé ti gba àárín rẹ̀, níbo ni wọ́n ti fẹ́ rí i? Ká má tíì sọ ti ìdajì pulọ́ọ̀tì. Tiyín nìkan kọ́ lẹ sì máa wọ̀n. Sọ́kàwéè aládùúgbò lè wà lẹ́yìn fẹ́ǹsì, kó sún mọ́ bọ́hòlù yín ju tiyín lọ, bẹ́ẹ̀ fẹ́ǹsì ò dá omi abẹ́ ilẹ̀ dúró. Mo ti dé ilé tuntun kan tí wọ́n fi ìǹtálọ́ọ̀kì bo ìdérí sọ́kàwéè mọ́lẹ̀, ìgbà tá a tó tú òkúta la rí i pé ìṣísẹ̀ díẹ̀ ló wà láàárín rẹ̀ àti bọ́hòlù tó wà lábẹ́ fèrèsé kíṣìnnì. Ọ̀dà ilé náà ń dán yinrin.

Nítorí náà, ẹ mú téèpù dání. Ẹ ní kí wọ́n fi ìdérí sọ́kàwéè hàn yín, kí ẹ wọ̀n ọ́n dé bọ́hòlù, kí ẹ sì béèrè ti ilé ẹ̀gbẹ́ àti ti ẹ̀yìnkùlé. Tí wọ́n bá ní àwọn ò mọ ibi tó wà, ẹ má sanwó. Tó bá jẹ́ mítà 10 tàbí kó má tó bẹ́ẹ̀, èmi ò ní ra ilé náà láìjẹ́ pé omi mímu á ti ibòmíràn wá.

Lẹ́yìn náà, ẹ gbé omi lọ sí láàbù, inú ìgò tí láàbù fúnra wọn bá fún yín, kó sì dé ọ̀dọ̀ wọn lọ́jọ́ náà. E. coli ni kí ẹ ní kí wọ́n wá, kòkòrò tó máa ń ti inú ìgbẹ́ wá ni. Kò gbọ́dọ̀ sí ẹyọ kan nínú mílílítà 100. Ẹ tún un ṣe lẹ́yìn òjò àkọ́kọ́ tí ẹ bá lò níbẹ̀, torí èsì ti òní ò sọ nǹkan kan nípa ti ọdún tó ń bọ̀. Ẹ̀rọ bíi bírò tí àwọn tó ń ta fílítà máa ń kì bọ omi kò lè rọ́pò láàbù: iyọ̀ àti èròjà tó yọ́ sínú omi ló ń kà, kò mọ kòkòrò. Álọ́ọ̀mù náà ń jẹ́ kí ìdọ̀tí rì ni, kò pa kòkòrò.

Ẹ ní kí wọ́n fọ tánkì orí òpó, torí iyanrìn àti sìmẹ́ǹtì máa ń wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Fún tánkì lítà 1,000 tó kún fún omi, bíi lítà kan àtààbọ̀ búlíìsì tí wọn ò fi òórùn dídùn sí, tí agbára rẹ̀ jẹ́ 3.5%, tó. Ẹ fi sílẹ̀ mọ́jú, kí ẹ wá tú gbogbo rẹ̀ dànù láti ẹnu ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan títí òórùn rẹ̀ á fi lọ. Ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ mu omi yẹn. Ẹ ka ara ìgò kẹ́ ẹ tó lò ó, ẹ má sì pò ó mọ́ oògùn ìfọ̀lé-ìgbẹ́ láéláé, èéfín tó máa jáde lè pani.

Mi ò tíì fojú rí ilé náà o, kẹ́ ẹ má baà fi èsì mi yìí bá ẹni tó kọ́ ọ jà. Ẹ lọ sí ẹ̀ka ìlera àyíká ní ìjọba ìbílẹ̀ ibẹ̀, kí ẹ bẹ̀ wọ́n kí wolé-wolé wọn wá yẹ̀ ẹ́ wò kẹ́ ẹ tó sanwó. Tẹ́ ẹ bá sì ti kó wọlé kí èsì láàbù tó dé, ẹ máa se omi mímu kó hó yaya fún ó kéré tán ìṣẹ́jú kan, pàápàá èyí tẹ́ ẹ máa fi po oúnjẹ ọmọ.