Ẹ̀wà inú agolo fún àwọn ọmọ wa: ìbéèrè ìyá ìbejì kan àti èsì rẹ̀

Ìbéèrè

Ẹ̀yin òbí ẹlẹgbẹ́ mi, mo kí yín o. Ìlú Manchester ni mò ń gbé, mo sì bí ìbejì tí wọn yóò pé ọmọ ọdún mẹ́ta lóṣù tó ń bọ̀. Ẹ mọ̀ pé ẹ̀wà ni oúnjẹ ìbejì, ìyá mi kì í sì í jẹ́ kí ọ̀sẹ̀ kan kọjá kí ó má béèrè lórí fóònù bóyá wọ́n ti jẹ ẹ́. Iṣẹ́ alẹ́ ni mò ń ṣe, n kì í ráyè dúró ti ẹ̀wà gbígbẹ lórí iná, nítorí náà ni mo ṣe ra ẹ̀wà funfun olójú dúdú inú agolo. Mo sè é títí bí mo ṣe máa ń se ti ilé, ló bá yọ́ mọ́ra wọn bí ẹ̀kọ, iyọ̀ nìkan ni ẹnu sì ń gbọ́ nínú rẹ̀. Ṣé ó tiẹ̀ yẹ kí a tún un sè ni? Ṣé kí n máa lo omi tó wà nínú agolo náà? Ṣé mo sì lè fi í ṣe mọ́ínmọ́ín ọjọ́ ìbí wọn?

Èsì

Ìyá Ìbejì, ẹ kú iṣẹ́ ọmọ, ẹ sì kú iṣẹ́ òru. Bó ṣe ṣe yín yẹn gẹ́lẹ́ ló ṣe èmi náà nígbà tí mo kọ́kọ́ dé Leeds, kí n tó mọ̀ pé ẹ̀wà yìí ti jinná kí ó tó dé ọwọ́ wa. Inú agolo tí wọ́n ti dé pa ni wọ́n ti ń sè é, pẹ̀lú ooru tó ga tó ìwọ̀n 121 lórí òṣùwọ̀n Celsius, èyí tó ju ooru omi tó ń hó nínú ìkòkò wa lọ dáadáa. Nítorí náà, kì í ṣe sísè ló ń fẹ́ lọ́wọ́ wa mọ́, bí kò ṣe fífọ̀ àti adùn, adùn ọ̀hún sì gbọ́dọ̀ ti wà nínú ìkòkò kí ẹ̀wà tó wọ ibẹ̀.

Ẹ má lo omi inú agolo náà fún àwọn ọmọ. Kì í ṣe ìdọ̀tí, ara ẹ̀wà ló yọ́ sínú rẹ̀ tó fi ki bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ibẹ̀ ni iyọ̀ wà. Ẹ da ẹ̀wà sínú asẹ́, ẹ jẹ́ kí ó jò, kí ẹ wá ṣí omi tútù lé e lórí, kí ẹ máa fi ọwọ́ rọra yí i. Ẹ ó rí i tí yóò máa hó bí ọṣẹ. Ẹ má ti omi pa títí híhó yẹn yóò fi tán, tí ojú dúdú ẹ̀wà kọ̀ọ̀kan yóò sì mọ́ kedere. Fífọ̀ báyìí lè mú nǹkan bí ìdá mẹ́rin nínú mẹ́wàá iyọ̀ rẹ̀ lọ. NHS, iléeṣẹ́ ìlera ìjọba níbí, sọ pé iyọ̀ tí ọmọ ọdún kan sí mẹ́ta ń jẹ lójúmọ́ kò gbọ́dọ̀ ju gíráàmù 2 lọ, ti búrẹ́dì àti wàràkàṣì sì wà lára rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń ka ara agolo ní ṣọ́ọ̀bù, tí mo sì ń mú èyí tí wọn kò fi iyọ̀ sí rárá. Ẹ̀wà inú ọbẹ̀ tòmátì tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń bù lé búrẹ́dì yíyan kò sí nínú ọ̀rọ̀ yìí o, nítorí ṣúgà wà nínú rẹ̀. Agolo tó bá wú tàbí tó ń jò, ẹ má tọ́ ọ wò rárá, ẹ sọ ọ́ nù, nítorí májèlé tó lè wà nínú rẹ̀ kì í fi òórùn tàbí adùn hàn.

Ibi tí iṣẹ́ wà gan-an ni ata. Ẹ gbé epo pupa ṣíbí mẹ́ta kaná, ẹ rẹ́ odidi àlùbọ́sà kan sí i, ẹ má sì kánjú: ó gbọ́dọ̀ rọ̀, kí etí rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n, kí òórùn rẹ̀ gba ilé kí ẹ tó da tàtàṣé lílọ̀ sí i. Ata rodo ni mo máa ń lọ̀ sọ́tọ̀, tí èmi àti bàbá wọn ń bù lé tiwa. Ẹ jẹ́ kí tàtàṣé náà dín títí omi rẹ̀ yóò fi gbẹ, tí epo yóò sì léfòó. Edé gbígbẹ tí a gún àti irú díẹ̀ ni mo fi ń parí rẹ̀. Bí irú bá ti wà níbẹ̀, ẹnu kì í béèrè iyọ̀. Ìgbà náà ni kí ẹ da ẹ̀wà sí i pẹ̀lú ìdajì ife omi gbígbóná, kí ẹ dín iná kù, kí ẹ sì dé e fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá péré. Ẹ má fi ọmọorógùn rò ó bí ẹni ro àmàlà. Bí ẹ bá fẹ́ kí ó ki, ẹ fi ẹ̀yìn ṣíbí tẹ díẹ̀ mọ́ ara ìkòkò, ìyókù yóò sì wà lódindi. Bí ẹ bá da àgbàdo inú agolo tí ẹ ti fọ̀ sí i, àdàlú nìyẹn, òun sì ni àwọn ọmọ mi fẹ́ràn jù.

Agolo oníwọ̀n gíráàmù 400 kì í sábà ní ju nǹkan bí gíráàmù 240 ẹ̀wà lọ lẹ́yìn tí omi bá jò tán, agolo méjì ni mo sì ń lò fún àwa márùn-ún. Èyí tó bá ṣẹ́kù, ẹ má fi í sílẹ̀ nínú agolo. Ẹ dà á sínú abọ́ onídèérí, kí ẹ gbé e sí firíìjì, kí ẹ sì jẹ ẹ́ tán láàárín ọjọ́ méjì.

Ní ti mọ́ínmọ́ín, rárá o. Ẹ̀wà tí kò tíì jinná, tí a rẹ, tí a bó, tí a sì lọ̀, ni ooru ń mú dì. Èyí tó ti jinná tẹ́lẹ̀ kò lè dì mọ́, bí ẹ bá tilẹ̀ sè é fún wákàtí kan, rírọ̀ ni ẹ ó ṣí i bá. Àwọn ṣọ́ọ̀bù tó ń ta oúnjẹ ilé wa máa ń ní ẹ̀wà gbígbẹ tí wọ́n ti bó. Ìyẹn ni kí ẹ rà. Ẹ rẹ ẹ́ sínú omi, kí ẹ gbé e sí firíìjì kí ẹ tó jáde lọ síbi iṣẹ́ lálẹ́. Nígbà tí ẹ bá fi dé láàárọ̀, yóò ti rọ̀ tó láti lọ̀ kí àwọn ìbejì tó jí.