Fíìmù àti fọ́tò tí bàbá fi sílẹ̀: ẹ má tíì kó wọn fún oníkọ̀ǹpútà

Ẹ kú àṣẹ̀yìndè bàbá o, Ọlọ́run á jẹ́ kí ọjọ́ jìnnà síra wọn. Ẹ ní òwò aṣọ ni bàbá fi rin Kánò, Kútọnu àti Gánà, òṣómàáló gidi tí kámẹ́rà kì í kúrò lọ́rùn wọn. Ẹ ní páálí fíìmù mẹ́ta àti álíbọ́ọ̀mù mẹ́rin ló kù nínú yàrá wọn ní Ìjòkà, Iléṣà, ẹ sì fẹ́ fi ṣe ìwé ìrántí nígbà tí ọdún bá pé. Oníkọ̀ǹpútà ní kí ẹ ṣa èyí tó dára wá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣa nǹkan kan.

Fíìmù 35mm kan máa ń gba fọ́tò 36. Ilé fọ́tò á gé e sí ègé mẹ́fà, fọ́tò mẹ́fà lórí ègé kọ̀ọ̀kan, nọ́ńbà á sì wà létí rẹ̀. Ẹ fi nọ́ńbà yẹn to ègé mẹ́fẹ̀ẹ̀fà pa pọ̀, kí ẹ fi sínú àpò ìwé kan ṣoṣo. Ìdí tí mo fi tẹnu mọ́ ọn ni pé ẹni tó bá ń ki fíìmù bọ kámẹ́rà, ìmọ́lẹ̀ á ti ba ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ jẹ́. Yóò wá ya fọ́tò kan tàbí méjì ohunkóhun tó bá wà nítòsí kó lè kọjá ibẹ̀. Lọ́pọ̀ ìgbà, ilé ló wà: ọmọ tó jókòó lẹ́nu ọ̀nà, ìyá tó ń gbé bàsíà omi kọjá, apá kan rẹ̀ ti funfun nítorí ìmọ́lẹ̀. Nọ́ńbà 0 tàbí 1 nìyẹn, òun sì ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ dànù. Bákan náà, fíìmù wọ́n, kì í sí ẹni tó ń gbé e lọ fọ̀ títí yóò fi tán, torí náà mẹ́ta mẹ́rin tó bá kù nígbà tí wọ́n bá tàjò dé, ara ìyàwó àti àwọn ọmọ ni wọ́n máa ń parí rẹ̀ sí. Ilé wà níbẹ̀rẹ̀, ìrìn-àjò wà láàárín, ilé tún wà lópin. Bí ẹ bá ṣa Kánò lọ́tọ̀, tí ẹ ṣa ọmọ lọ́tọ̀, ẹ ti ya bàbá sí méjì.

Kí ẹ tó tò wọ́n rárá, ẹ gbóòórùn páálí kọ̀ọ̀kan. Fíìmù àtijọ́ tí ooru àti ọ̀rinrin bá ti bà jẹ́ máa ń run kíkan bíi fínígà, lẹ́yìn náà á ká, á sì sún kì. Ẹ yà á kúrò lọ́dọ̀ àwọn tó kù lójú ẹsẹ̀, nítorí afẹ́fẹ́ kíkan yẹn á ràn wọ́n, kí ẹ sì kọ́kọ́ scan ẹ̀, torí kò ní àtúnṣe. Ọ̀rá kò dáa fún un, àpò ìwé ni. Èyí tó bu, ẹ má fi omi nù ún: awọ tí àwòrán wà lára rẹ̀ ti rọ̀, á bá omi lọ. Ẹ jẹ́ kó gbẹ lábẹ́ ibòòji, kí ẹ wá fi búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ gbá a.

Fọ́tò tó lẹ̀ mọ́ álíbọ́ọ̀mù tó ní gọ́ọ̀mù, ẹ má fà á. Ẹ ki òwú ìránṣọ tín-ín-rín bọ ẹ̀yìn rẹ̀ láti igun kan, kí ẹ máa fà á lọ fà á bọ̀ bí ẹni ń rẹ́ igi. Èyí tó bá lẹ̀ mọ́ gíláàsì, bí ó ṣe wà nínú gíláàsì yẹn ni kí ẹ scan ẹ̀.

Fọ́tò, 600 dpi tó (dpi ni ìwọ̀n bí scanner ṣe ń gba àwòrán fínnífínní sí); ti páásípọ́ọ̀tù, 1200. Fíìmù ní tirẹ̀, 3200, lórí scanner tó ní iná nínú ìdérí. Fáìlì TIFF (irú fáìlì àwòrán kan) ti fọ́tò fíìmù kọ̀ọ̀kan á tó 40 MB, nítorí náà fíìmù ogún á gba bíi 30 GB. Ẹ kó o sí ojú méjì, kí ọ̀kan wà ní ilé mìíràn. Bí ẹ bá ń fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp, ẹ fi ránṣẹ́ gẹ́gẹ́ bíi document, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ WhatsApp á fún un kéré.

Ẹ rí i pé nọ́ńbà etí fíìmù ṣeé kà dáadáa kí ẹ tó scan. Bó bá yí padà, ọ̀tún á di òsì, ẹ ó sì ṣìnà nídìí ọdún tí wọ́n yà á. Ọjọ́ 2 oṣù kẹrin 1972 ni Nàìjíríà kúrò ní wíwa ọkọ̀ lápá òsì. Ti Gánà di ọjọ́ 4 oṣù kẹjọ 1974. Ọkọ̀ tó bá ń lọ lápá òsì ní Kánò, ó ti ṣáájú 1972 nìyẹn. Ẹ gbé páásípọ́ọ̀tù bàbá sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀: òǹtẹ̀ tó bá kọ Dahomey (orúkọ àtijọ́ orílẹ̀-èdè Benin) ti ṣáájú ìparí oṣù kọkànlá 1975, èyí tó bá kọ Haute-Volta (Burkina Faso òde òní) ti ṣáájú oṣù kẹjọ 1984. Bí ìrìn-àjò Gánà bá sì dáwọ́ dúró lójijì lópin 1969, òfin tó lé àwọn àjèjì tí kò ní ìwé ni.

Orúkọ àwọn tó wà nínú fọ́tò ló le jù, òun ni kò sì ṣeé fi falẹ̀. Ẹ bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ ìyá, lẹ́yìn náà àwọn tí wọ́n jọ nájà ní ọjà Àtàkúmọ̀sà. Ogún fọ́tò tó lẹ́ẹ̀kan, ó máa ń rẹ àgbà. Ẹ gbé e sójú tẹlifíṣọ̀n kó tóbi, kí fóònù máa gba ohùn wọn. Ẹ má bèèrè pé, "Ṣé Bọ̀ọ̀dá Àyọ̀ kọ́ nìyí?" wọ́n á kàn gbà fún yín. "Ta nìyí?" ni kí ẹ bi wọ́n. Ẹ má sì kọ "Ìyá Bọ́sẹ̀" nìkan. Tí Bọ́sẹ̀ bá lọ, kò sẹ́ni tó máa mọ̀ ọ́n. Ẹ kọ orúkọ àbísọ, ọmọ ta ni, agbo ilé wo. Pẹ́ńsù ni kí ẹ fi kọ ọ́ sẹ́yìn fọ́tò. Báírò kì í tètè gbẹ lórí èyí tó ń dán lẹ́yìn, á lẹ̀ mọ́ ojú fọ́tò tó bá wà lábẹ́ rẹ̀.

Fún ọjọ́ ìrántí, ẹ mú odindi fíìmù kan, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kí ẹ tẹ gbogbo rẹ̀ jáde tẹ̀lé ara wọn, èyí tí ìmọ́lẹ̀ bà jẹ́ pẹ̀lú, kí ẹ má sì gé etí tí nọ́ńbà wà. Pẹ̀lú 3200 yẹn, ọ̀kọ̀ọ̀kan lè fẹ̀ tó ínṣì 15. Ẹ tò ó yí ògiri pálọ̀ ká, kí nọ́ńbà àkọ́kọ́ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnu ọ̀nà àbáwọlé.