Ògiri Ibi Ìfọṣọ Tó Ń Rin: Ẹ Má Fi Ọ̀dà Bò Ó Torí Ẹni Tó Fẹ́ Ra Ilé

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Ìdílé wa fẹ́ ta ilé bàbá wa ní Ìjẹ̀bú-Òde. Àwọn tó fẹ́ rà á ń bọ̀ láti Èkó wá wò ó ní ọ̀sẹ̀ méjì òní. Ibi tí a ti ń fọṣọ lẹ́yìnkùlé ló ń kọ wá lóminú: ìsàlẹ̀ ògiri ti dúdú, ọ̀dà ń ṣí kúrò lára rẹ̀, ibẹ̀ sì ń rùn bíi gọ́tà, bẹ́ẹ̀ ó ti tó oṣù mẹ́ta tí ẹnikẹ́ni ti fọṣọ níbẹ̀ gbẹ̀yìn. Pẹ́ńtà ní ká fi ọ̀dà olóròóró kùn ún lẹ́ẹ̀mejì, pé kò ní hàn mọ́. Àbúrò mi ní ká po Jik mọ́ Harpic ká fi fọ ilẹ̀, ká sì ju káńfọ̀ sí igun. Àwọ̀ ọ̀dà wo ló máa ń wu àwọn olùrà jù?

Ìdáhùn: Kí ẹ tó ka ìyókù, ẹ pe àbúrò yín. Jik àti Harpic kò gbọdọ̀ pàdé. Àsíìdì ló wà nínú ọ̀pọ̀ oògùn tí a fi ń fọ ilé ìyàgbẹ́. Bó bá ti kan Jik, gáàsì kulorínì ló máa jáde, gáàsì yìí sì ń jó ojú, ọ̀fun àti ẹ̀dọ̀fóró. Níbi tóóró tí afẹ́fẹ́ kì í gbà kọjá dáadáa, ó lè gbé ènìyàn ṣubú. Bí ẹ bá ti pò ó, ẹ jáde, ẹ ṣí ilẹ̀kùn sílẹ̀, ẹ má dúró gbá a. Ẹni tí ikọ́ tàbí àyà dídì kò bá fi sílẹ̀, ilé ìwòsàn ni kó lọ, kì í ṣe epo pupa ni kó máa mu.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ ọ̀dà. Nígbàkigbà tí Iléyá bá ti ń sún mọ́lé, tí àwọn ọmọ Ìjẹ̀bú ń múra bọ̀ wálé fún Ojúde Ọba, ni irú ìbéèrè yìí máa ń pọ̀. Ó ń dùn mí nítorí owó tí àwọn èèyàn ń kó fún pẹ́ńtà lórí iṣẹ́ tí kò ní rí òjò kan já. Àwọ̀ kọ́ ni ìṣòro yín. Omi wà nínú ògiri yẹn, kò sì sí ọ̀dà tó ń lé omi jáde.

Ògiri búlọ́ọ̀kù tí a fi sìmẹ́ńtì rẹ́ ní ihò wẹ́wẹ́ tí ojú kò lè rí. Omi tó bá wọ inú rẹ̀ gbọ́dọ̀ rí ọ̀nà jáde. Ọ̀dà olómi ṣì ń jẹ́ kí ògiri mí díẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀dà olóròóró a dí ojú ihò náà pa. Omi tí kò rí iwájú gbà á gun òkè sí i, tàbí kó gba ẹ̀yìn bọ́ sínú iyàrá tó fara ti ògiri ọ̀hún. Bó ti ń tì í láti inú ni ọ̀dà á máa wú, tí á sì máa bẹ́, iyọ̀ funfun tí omi kó láti inú ilẹ̀ àti sìmẹ́ńtì á wá máa hù jáde níbi tó bẹ́ sí. Nǹkan mìíràn tún wà tí àwọn pẹ́ńtà kì í sọ. Èròjà tó ń jẹ ọwọ́ bíríkìlà nínú sìmẹ́ńtì máa ń bá òróró inú ọ̀dà jà níbi tí ògiri bá ti rin. Bí omi eérú ṣe ń sọ àdín di ọṣẹ dúdú gẹ́lẹ́ ni èròjà yìí ṣe ń sọ òróró ọ̀dà di ọṣẹ: ọ̀dà á rọ̀, á máa lẹ̀ mọ́ni lọ́wọ́, á sì ṣí ní abala-abala. Nítorí náà, ibi tí pẹ́ńtà yín fẹ́ fi ọ̀dà olóròóró sí gan-an ni ibi tí kò yẹ kó dé rárá.

Ẹni tó ń gbówó ilé bọ̀ láti Èkó kì í sábà dá wá. Bíríkìlà tàbí ẹni tó mọ ilé máa ń bá a wá. Ògiri kan ṣoṣo tí ọ̀dà rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ gbẹ nínú ilé àtijọ́ ni irú ẹni bẹ́ẹ̀ ń kọ́kọ́ lọ fọwọ́ kàn. Bó bá ti mọ̀ pé ẹ bo nǹkan mọ́ òun lójú, kò ní gba ohun tí ẹ bá sọ nípa òrùlé àti kànga gbọ́ mọ́.

Ẹ kọ́kọ́ wádìí bóyá omi ṣì wà níbẹ̀. Ẹ ha ọ̀dà kúrò lójú kan, ẹ gé ọ̀rá tó mọ́ gaara tó ẹsẹ̀ bàtà kan ààbọ̀ níbùú àti lóròó, ẹ lẹ etí rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin pinpin pẹ̀lú sẹ́lótéèpù, ẹ fi í sílẹ̀ fún ó kéré tán wákàtí 16. Bí omi bá ṣẹ́ sí inú ọ̀rá náà, ògiri ló ń tú u jáde.

Ẹ ní oṣù mẹ́ta ni wọn kò ti fọṣọ níbẹ̀. Bó bá ṣì rin báyìí, a jẹ́ pé kì í ṣe omi tó ń ta sí i látinú báàfù. Ẹ wo bó ṣe rin. Èyí tó rin láti ilẹ̀ lọ sókè ní ìlà gbọọrọ gba gbogbo ẹ̀gbẹ́ ògiri, tí kò sábà ga ju mítà kan lọ, tó sì ní iyọ̀ funfun, omi ilẹ̀ ló ń fà á: wọn kò tẹ́ ọ̀rá tí àwọn bíríkìlà ń pè ní DPC sábẹ́ búlọ́ọ̀kù, tàbí kó jẹ́ pé wọ́n ti kó ilẹ̀ bò ó. Èyí tó rin lójú kan bìrìkìtì nítòsí táàpù, tí kì í gbẹ nígbà ọyẹ́ pàápàá, páìpù ló ń jò nínú ògiri. Ẹ ti gbogbo táàpù ilé lálẹ́, ẹ fàmì sí ibi tí omi dé nínú táńkì, ẹ tún wò ó láàárọ̀. Bó bá lọ sílẹ̀, ẹ pe púlọ́mbà. Èyí tó rin láti òkè wá sísàlẹ̀, ẹ gbójú sókè sí òrùlé.

Ìgbà tí orísun omi bá ti dí ni a tó lè fọwọ́ kan ògiri. Ẹ gbẹ́ rírẹ́ tó ti bàjẹ́ kúrò títí kọjá ibi tó rin pẹ̀lú ẹsẹ̀ bàtà kan, ẹ jẹ́ kí búlọ́ọ̀kù gbẹ (ọ̀sẹ̀ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ ló ń gbà, kì í ṣe ọjọ́), kí wọ́n wá tún un rẹ́: sìmẹ́ńtì ìwọ̀n kan sí yanrìn tó mọ́ ìwọ̀n mẹ́rin. Kí wọ́n máa wọ́n omi sí i fún ọjọ́ mélòó kan kó má baà sán. Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin lẹ́yìn náà ni ọ̀dà olómi tó lè kàn án, funfun tàbí èyí tó sún mọ́ ọn, torí ó ń jẹ́ kí ibẹ̀ mọ́lẹ̀. Bí ilẹ̀ ibẹ̀ bá dà sí ẹ̀gbẹ́ ògiri, ẹ tún un dà kó máa lọ sójú ihò omi, kó fi sẹ̀ǹtímítà méjì rẹlẹ̀ nínú mítà kan. Táìlì lórí ògiri tó rin kò yàtọ̀ sí ọ̀dà olóròóró. Omi á gba ẹ̀yìn rẹ̀ gòkè.

Bó bá jẹ́ ògiri alámọ̀ tí wọ́n padà fi sìmẹ́ńtì rẹ́ ni, irú èyí tó kún àwọn àdúgbò àtijọ́ ní Ìjẹ̀bú-Òde àti Ṣàgámù, ẹ má tẹ̀ lé ohun tí mo sọ nípa rírẹ́ yẹn. Amọ̀ àti sìmẹ́ńtì kì í gbé pọ̀ dáadáa. Ẹ wá ẹni tó mọ iṣẹ́ amọ̀ kó wá wò ó. Mi ò sì tíì rí ògiri yín, kí ẹ rántí ìyẹn. Bí sọ́kẹ́ẹ̀tì bá wà lára rẹ̀, ẹ paná láti ìdí mítà kí ẹnikẹ́ni tó ha ohunkóhun.

Ọ̀sẹ̀ méjì kò lè gba gbogbo èyí. Ẹ dí orísun omi náà, ẹ ha ọ̀dà tó ti kú, ẹ fi ọṣẹ àti búrọ́ọ̀ṣì fọ ibi tó dúdú, ẹ fi ògiri sílẹ̀ ní ìhòòhò. Jik kì í wọ inú rírẹ́. Ilẹ̀ sìmẹ́ńtì àti táìlì ló wà fún, ife kan sínú lítà mẹ́rin omi, òun nìkan, kí ẹ sì fi omi ṣàn án lẹ́yìn ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Kí bíríkìlà kọ iye tí àtúnṣe máa ná sórí ìwé, kí ẹ fi han olùrà pẹ̀lú rìsíìtì púlọ́mbà. Ó lè yọ iye náà kúrò nínú owó ilé. Ìyẹn sàn ju kó sá lọ.

Òórùn gọ́tà yẹn rọrùn jù lọ. Omi díẹ̀ máa ń dúró nínú páìpù tó tẹ̀ kọ́rọdọ lábẹ́ ihò omi, òun ló ń dí òórùn sókáwéè mọ́lẹ̀. Níbi tí wọn kò ti da omi fún oṣù mẹ́ta, ó ti gbẹ. Ẹ da garawa omi kan síbẹ̀ lọ́sẹ̀-lọ́sẹ̀, kí ẹ fi ṣíbí òróró ìdáná kan tẹ̀ lé e kó má tètè gbẹ. Bó bá ṣì ń rùn, ó lè jẹ́ pé sókáwéè ló ti kún.

Ẹ má lo káńfọ̀. Oògùn inú rẹ̀ lè ba ẹ̀jẹ̀ ìkókó tó ní àìtó G6PD (èròjà ara tó ń dáàbò bo ẹ̀jẹ̀) jẹ́, kí ojú rẹ̀ sì pọ́n ràkọ̀ràkọ̀, àìtó yìí sì pọ̀ láàárín wa. Ẹ ò mọ ẹni tó máa gbé ọmọ ọwọ́ wá wo ilé.

Ní àárọ̀ ọjọ́ tí wọ́n ń bọ̀, ẹ ká okùn ìsáṣọ, ẹ da gbogbo omi inú garawa nù kí ẹ̀fọn má baà wà, ẹ kó báàfù tó ti fọ́ lọ sórí ààtàn, kí ẹ fi ọ̀kan tó dára sílẹ̀. Bí àwọn ayálégbé bá wà níwájú ilé, ẹ lọ bẹ̀ wọ́n lọ́jọ́ méjì ṣáájú pé kí wọ́n má sá aṣọ lọ́jọ́ yẹn. Ẹ jẹ́ kí olórí ẹbí àti àwọn àgbà ìdílé ti fọwọ́ sí títà náà níwájú lọ́yà kí ẹnikẹ́ni tó gba owó.