Nọ́ńbà ara ìgò véèpù kọ́ ni iye níkótíìnì tó ń wọ ara yín

Ìbéèrè: Ẹ káàsán dókítà. Mo ti jáwọ́ nínú sìgá, véèpù (sìgá tó ń lo bátìrì) nìkan ni mò ń fà báyìí, mo sì ti sọ̀ ọ́ kalẹ̀ láti 12mg dé 3mg. Àmọ́ nígbà tí wọ́n yẹ ìtọ̀ mi wò, wọ́n ní níkótíìnì, èròjà inú tábà tó ń di bárakú, ṣì pọ̀ lára mi. Ṣé ẹ̀rọ wọn ló bàjẹ́ ni? Oògùn wo ni mo lè fi fọ̀ ọ́ dànù?

Ìdáhùn: Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ra oògùn kankan. Kò sí tíì tàbí kápúsù tó ń fọ níkótíìnì, ẹ̀dọ̀ yín ló ń ṣiṣẹ́ yẹn, inú sì máa ń bí mi gan-an sáwọn tó ń tà á fún yín.

Nọ́ńbà yẹn ló ṣì yín lọ́nà. 3mg kàn ń sọ iye tó wà nínú mílílítà kan omi véèpù ni, kò sọ iye tó wọnú ẹ̀jẹ̀ yín rárá. Ọpọlọ tí níkótíìnì ti di bárakú fún mọ iye tó máa ń gbà, tẹ́ ẹ bá bù ú kù fún un á ní kẹ́ ẹ fà á sí i, kẹ́ ẹ fà á gùn, kẹ́ ẹ fà á léraléra, ẹ̀yin gan-an ò sì ní mọ̀ pé ẹ̀ ń ṣe bẹ́ẹ̀. Nígbà tó jẹ́ 12, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ẹ̀ẹ̀mẹta lẹ máa fà á kẹ́ ẹ tó gbé e sílẹ̀, ní báyìí ńkọ́? Ṣé kì í ṣe pé ó wà lọ́wọ́ yín látàárọ̀ dalẹ́, títí dórí bẹ́ẹ̀dì? Ẹ ṣírò ẹ̀ wò: mílílítà 2 ti 12mg jẹ́ mílígíráàmù 24, mílílítà 8 ti 3mg náà jẹ́ 24. Ọ̀kan náà ni!

Ohun tí wọ́n rí nínú ìtọ̀ yín, kotíníìnì ni, ìyẹn nǹkan tí ara ń sọ níkótíìnì dà. Níkótíìnì fúnra ẹ̀ máa ń dín sí ìdajì láàárín bíi wákàtí 2, àmọ́ kotíníìnì máa ń pẹ́ lára fún ọjọ́ mélòó kan, kò sì bìkítà bóyá sìgá lẹ fà o, véèpù ni o, tàbí ṣingọ́ọ̀mù níkótíìnì lẹ jẹ.

Ẹ má torí ẹ̀ padà sídìí sìgá o! Kàbọ́ọ̀nù mọnọ́ksáìdì àti ọ̀dà dúdú tó ń jáde nígbà tí tábà bá ń jó, ẹ ti bọ́ lọ́wọ́ ìyẹn, èrè gidi sì ni. Àwọn tó ń fa sìgá àti véèpù pọ̀ ni ò tíì bọ́. Mi ò sọ pé véèpù ò léwu o, ẹni tí kò fa sìgá rí ò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kàn án.

Ẹ máa kọ iye mílílítà tó ń tán lọ́sẹ̀ sílẹ̀, ìyẹn ni kẹ́ ẹ máa dín kù díẹ̀díẹ̀, ẹ má kánjú. Mi ò tíì yẹ̀ yín wò, torí náà tẹ́ ẹ bá lóyún tàbí ọkàn ń yọ yín lẹ́nu, ẹ lọ bá dókítà yín kẹ́ ẹ tó ṣe ohunkóhun. Ẹ sì gbé ìgò yẹn jìnnà sọ́mọdé, májèlé ni, tọ́mọ bá gbé e mì ẹ gbé e lọ ọsibítù lójú ẹsẹ̀.