Ẹ Bi Wá: Ẹ̀rọ Géèmù Wo Ni Kí N Rà fún Àwọn Ọmọ Mi?

Ọ̀gá onítúnṣe, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọmọkùnrin méjì ló wà lọ́dọ̀ mi, ọ̀kan ní SS2, èkejì ní JSS3. Ẹ̀gbọ́n ní PlayStation 5 lòun fẹ́. Àbúrò ní kí n ra Xbox Series S torí owó rẹ̀ kéré. Ẹni tí mo lọ bá ní Ọláìyá tún ní PS4 (PlayStation 4) àlòkù kan wà lọ́wọ́ òun, kò ní síìdì kankan, ṣùgbọ́n géèmù méjìlá ti wà nínú rẹ̀. Aṣọ ni mo ń tà ní tèmi, mi ò mọ ìyàtọ̀. Wọ́n ní géèmù tí kò bá ti ní síìdì, èèyàn ò lè tà á tó bá sú u. Ṣé òótọ́ ni? Èwo ni kí n rà?
Ìyá ọlọ́mọkùnrin méjì, Òkè-Fìà, Òṣogbo.

Ìyá wa, ẹ kú ọjà, ẹ kú ìnáwó ọmọ. Òótọ́ ni wọ́n sọ fún yín. Ibẹ̀ gan-an ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀, ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ fi ìjà PlayStation àti Xbox sílẹ̀ ná.

Géèmù inú síìdì, ẹ lè yá ọmọ àbúrò yín, ẹ lè fi pààrọ̀ òmíràn, ẹ sì lè tà á. Ẹ̀rọ kò ní béèrè ẹni tó kọ́kọ́ rà á. Èyí tí a bá rà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, orí àkáǹtì ẹni tó sanwó ló ń gbé. Àṣẹ ìlò ni ilé-iṣẹ́ fún un, àṣẹ náà kò sì ṣeé tà. Ní California ní Amẹ́ríkà, òfin kan tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù Kìíní ọdún 2025 ti ní dandan ni kí olùtajà sọ ọ́ kedere fún oníbàárà pé àṣẹ ìlò ló ń rà.

Nítorí náà, mo bẹ̀ yín, ẹ má ra PS4 onígéèmù méjìlá yẹn. Irú rẹ̀ ń dé ṣọ́ọ̀bù mi. Àkáǹtì ẹlòmíràn ni wọ́n fi kó géèmù sínú rẹ̀, wọ́n wá yan ẹ̀rọ náà ní ẹ̀rọ àkọ́kọ́ àkáǹtì ọ̀hún, kí ẹnikẹ́ni nínú ilé lè máa gbá a láìsí íntánẹ́ẹ̀tì. PS4 kan ṣoṣo ni àkáǹtì kan lè yàn báyẹn. Lọ́jọ́ tí alákáǹtì bá yan ẹ̀rọ mìíràn, tí tiyín bá ti wọ íntánẹ́ẹ̀tì báyìí, àmì àgádágodo kékeré á yọ sí ara géèmù. Ìyá kan gbé ọ̀kan wá bá mi láti Ògo-Olúwa. Ọmọ rẹ̀ dúró tì í, páàdì ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó ń fi ìka hàn mí níbi tó bá líìgì bọ́ọ̀lù rẹ̀ dé kó tó tì pa. Irinṣẹ́ tèmi kò lè ṣí i, torí kò sí ohun tó bàjẹ́ nínú ẹ̀rọ. Ẹni tó tà á fún wọn ti pa fóònù rẹ̀. Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí gan-an.

Tí ẹnikẹ́ni bá ní òun lè bá yín já irú ìdè bẹ́ẹ̀, ẹ má gbà. Òfin ẹ̀tọ́ àwòkọ ọdún 2022 ti Nàìjíríà lòdì sí i.

Àwọn ilé-iṣẹ́ ti gbìyànjú láti de síìdì pàápàá. Ní oṣù Kẹfà ọdún 2013, Microsoft tó ń ṣe Xbox kéde pé Xbox One, ẹ̀rọ tuntun wọn nígbà náà, gbọ́dọ̀ máa wọ íntánẹ́ẹ̀tì lẹ́ẹ̀kan ní wákàtí 24, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ géèmù ò ní ṣí, wọ́n sì fẹ́ fi ààlà sí títa síìdì àlòkù. Sony tó ń ṣe PlayStation bọ́ sórí pèpéle ní Los Angeles, wọ́n ní PS4 kò ní irú rẹ̀, dọ́là 399 sì ni, nígbà tí Xbox One jẹ́ 499. Wọ́n ṣe fídíò kan tí ọkùnrin kan ti na síìdì sí ẹnìkejì rẹ̀, ìyẹn náà sì gbà á, ó tán. Ariwo oníbàárà pọ̀ débi pé kí oṣù náà tó parí, Microsoft ti yí ọ̀rọ̀ padà. Inú mi ṣì ń dùn sí ìṣẹ́gun yẹn. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí wọ́n ń tà lónìí: Xbox Series S kò ní ẹnu síìdì, PS5 Digital Edition kò ní, PS5 Pro tí Sony kan náà gbé jáde ní 2024 kò sì bá a wá.

Series S tí àbúrò ń wí, dọ́là 299 ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ sí í tà á ní 2020, mo mọ ìdí tó fi wù ú. Ṣùgbọ́n gbogbo géèmù rẹ̀ ni ẹ máa fi dátà fà wọlé, àwọn ńlá inú wọn sì ń kọjá gígábáìtì 100. Ẹ bi ara yín léèrè iye tí dátà yẹn máa jẹ́ ní Òkè-Fìà. Tí ẹ bá ń san owó Game Pass lóṣooṣù, ìyẹn owó tí Microsoft ń gbà kí èèyàn lè máa gbá àkójọ géèmù wọn, ọjọ́ tí ẹ kò bá san mọ́ ni géèmù inú rẹ̀ máa tì.

PS5 tó ní ẹnu síìdì ni kí ẹ rà. Xbox Series X tó ní ẹnu síìdì náà wà, ẹ̀rọ gidi ni, ó tiẹ̀ ń gbá ọ̀pọ̀ síìdì Xbox àtijọ́. Ṣùgbọ́n síìdì PlayStation ni mo ń rí lọ́wọ́ àwọn èèyàn ní Òṣogbo, PS5 sì ń gbá èyí tó pọ̀ jù lọ nínú síìdì PS4, àwọn ọmọ yín á tètè rí ẹni bá pààrọ̀. Tí owó kò bá ká a, ẹ ra PS4 àlòkù tó ní ẹnu síìdì, kí inú rẹ̀ ṣófo.

Kí ẹ tó sanwó, ẹ ní kí wọ́n yọ àkáǹtì ẹni tó ni ín tẹ́lẹ̀ kúrò, kí wọ́n pa íntánẹ́ẹ̀tì rẹ̀, kí wọ́n sì ti síìdì kan bọ̀ ọ́ lójú yín kó ṣí. Tó bá jẹ́ PS5 tí wọ́n ra ẹnu síìdì rẹ̀ lọ́tọ̀, ó gbọ́dọ̀ wọ íntánẹ́ẹ̀tì lẹ́ẹ̀kan kí ẹnu náà tó ṣiṣẹ́, kí wọ́n ṣe ìyẹn tán ní ṣọ́ọ̀bù. Ẹ gba rìsíìtì tí nọ́ńbà ara ẹ̀rọ wà lórí rẹ̀, kí ẹ sì fi nọ́ńbà fóònù tiyín ṣí àkáǹtì tuntun fún àwọn ọmọ.